Mo Wà Nínú Koríko Nígbà Tí Ó Ń Wá Mi Nínú Omi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á dópin. Tí ẹ bá kà á tán, ẹnu yín ni.

Ohun kan wà níkùn mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi, tí mi ò sọ fún ìyá mi títí ó fi kú. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi, Mọ́rúfù, ti ní kí n dìde níwájú àwọn èèyàn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí n ròyìn bí Ọlọ́run ṣe yọ mí nínú ọ̀sà. Ọlọ́run ò yọ mí nínú ọ̀sà kankan. Mi ò sí nínú omi lọ́jọ́ náà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ sódì, ẹ bá mi fojú fò ó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé etí omi Ìbèṣè, tí ẹ bèèrè ẹni tó mọ ọ̀sà jù, èmi ni wọ́n máa júwe fún yín. Bàbá mi gbẹ́ ọkọ̀, bàbá tiẹ̀ náà gbẹ́ ọkọ̀. Tí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, tí ẹ gbé mi sínú ọkọ̀, òórùn omi ni màá fi sọ ibi tí a dé fún yín. Mi ò fọ́nnu o. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Mọ́rúfù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìkòròdú, ó sì yá ilé sí Lásunwọ̀n. Mo jù ú lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Inú fóònù ló ti rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń kan ọkọ̀ kékeré fúnra wọn, tí wọ́n á ta aṣọ sí i kí atẹ́gùn máa gbé e lọ, tí wọ́n á kó ìkòkò àti ẹní sínú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn. Wọn ò pẹja, wọn ò kó èrò. Ìgbafẹ́ ni. Mọ́rúfù ní òun náà fẹ́ ṣe é, láti Ìbèṣè dé Ẹ̀pẹ́, kí òun sì padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ omi wẹ̀.

Àgbàlá onílé rẹ̀ ló ti kan ọkọ̀ náà. Nígbà tó gbé e wá sí etí omi wa, mo rí i pé ó dá ihò tóóró kan sí àárín rẹ̀, ó sì ń ti pákó pẹlẹbẹ kan gba ibẹ̀ wọnú omi. Mo bi í pé kí ni ti pákó. Ó ní òun ló máa jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Lọ́dọ̀ tiwa, àpò ìrẹsì tí a rán pọ̀ ni aṣọ ọkọ̀ wa. Ibi tí atẹ́gùn bá kọjú sí ni ọkọ̀ ń lọ. Tí a bá ń padà bọ̀, àjẹ̀ ni a ń fi wà á. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn. Ni mo bá sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo èrò etí omi. Mo ní, “Mọ́rúfù, ọkọ̀ kì í kọjú sí atẹ́gùn. Tí tìẹ bá lè lọ, èmi ni màá máa gbọ́n omi inú ẹ̀.”

Ó lọ. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, ó sì ń súnmọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ títí a fi fẹ́ẹ̀ má rí i mọ́. Ó yí padà, ó gúnlẹ̀ síwájú wa. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ mí ní Agbọ́nmi. Tí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní, “Agbọ́nmi, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé igbá yín ò tíì jò?” Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún mi pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹnu òun ló yọ̀. Mọ́rúfù nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí, kí wọ́n yé bú mi. Ìyẹn tún wá dùn mí ju gbogbo èébú wọn lọ.

Nígbà tó wá bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀lé òun lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo gbà kíá. Ó ní ọkọ̀ lòun mọ̀, òun ò mọ omi. Ṣùgbọ́n mo ti ní nǹkan lọ́kàn. Mo fẹ́ kó sunkún. Mo fẹ́ padà sí Ìbèṣè kí n máa sín bó ṣe sunkún jẹ fún wọn, kí wọ́n rí orúkọ mìíràn pè, kó má jẹ́ tèmi.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ìrìn àjò náà dùn. Ó gbé sítóòfù kékeré dání. Tí a bá gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó ta tápólì bo ọkọ̀, a ó dín ẹja, a ó jẹ gààrí. Ó ń bi mí ní orúkọ gbogbo ẹyẹ, èyí tí mi ò bá mọ̀, mò ń sọ ọ́ lórúkọ fúnra mi, ó sì ń gbà á gbọ́. Mi ò gbádùn ayé mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, èrò pé lé ọkọ̀ náà lórí. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ ní nǹkan yìí. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní ẹ̀gbọ́n òun yìí ni. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Mo kàn dúró, mo ń gba oríyìn.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni mo ṣe é. Orí òkìtì iyanrìn kan láàárín ọ̀sà la sùn sí. Koríko gíga wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó ga ju èèyàn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mọ́rúfù kírun tán, ó tún sùn lọ lórí ẹní. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo tẹ́ ẹ sí etí omi, mo fi fìlà mi lé e. Mo rọra ti ọkọ̀ wọnú koríko, mo jókòó sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó rò pé ọkọ̀ ló ń bá omi lọ, pé mo wẹ̀ lé e, pé omi ti gbé mi.

Ó jí, ó rí ẹ̀wù náà, ó sì rò bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àkànbí, oríkì tí ìyá mi nìkan ń pè mí. Ẹnu ìyá mi ló ti gbọ́ ọ, nítorí ó máa ń jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ó dojú kọ omi, ó ń pè é. Ohùn rẹ̀ há. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo ń sọ fún yín: mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kó má bàa gbọ́. Ó dùn mọ́ mi.

Bàbá arúgbó kan tó ń pẹja ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn koríko. Ó rí mi níbi tí mo lúgọ sí. Ohùn Ẹ̀pẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń ké lọ́hùn-ún yẹn? Kí ló ṣe é?”

Mo ní, “Ẹ má dá a lóhùn, bàbá. Ọtí ló mu.”

“Ọtí láàárọ̀ yìí?”

“Ará òkè ni. Tí ẹ bá súnmọ́ ọn, á bá yín jà.”

Bàbá náà pòṣé, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lọ. Mọ́rúfù ò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dákẹ́ nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mọ́rúfù so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ìbàdí, ó sì wọnú omi. Èmi ló ń wá. Ó ń fi ẹsẹ̀ tọ ìsàlẹ̀ omi kiri, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn mí. Ọgbà ẹja àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tó ti jẹrà, àwọn igi rẹ̀ ṣì kún fún ìṣó. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sọ fún yín pé mo mọ ọ̀sà.

Mo rí i nígbà tí ìṣó gún un lẹ́sẹ̀. Ó rì, ó jáde, ó tún pe Àkànbí. Mi ò jáde. Mo sọ lọ́kàn mi pé kó tún pè mí díẹ̀ sí i. Ìgbà tó wọ́ jáde sórí iyanrìn, tó sì dákẹ́, ni mo tó wa ọkọ̀ bọ̀, mo ní ọkọ̀ ló já lọ, mo wẹ̀ lé e, omi fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Ó dì mọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lórí iyanrìn. Ó sunkún gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ló ń sun.

Ó ku ìyókù. Ó bẹ̀ mí pé kí á yà sí abúlé tó súnmọ́ wa jù, kí wọ́n bá òun wo ẹsẹ̀ náà. Mo kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá arúgbó yẹn lè wá láti ibẹ̀, kó rí wa, kó sì sọ ohun tí mo sọ fún un. Mo ní abúlé yẹn ò dáa, ilé ló kù.

Ilé wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbogbo ọjọ́ tí a lò lórí omi, ìgbéraga ò jẹ́ kí n bi í. Ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń fi ohùn kékeré sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pákó yẹn wálẹ̀. Ẹ fa okùn yẹn díẹ̀.” Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Dákẹ́ ńbẹ̀. Ta ló ni omi, èmi àbí ìwọ?” Mo ká aṣọ ọkọ̀ nílẹ̀, mo mú àjẹ̀. Atẹ́gùn ń ti wa padà. A sun ọ̀nà kí á tó dé, ẹsẹ̀ náà sì ti wú, ó ti ń rùn.

Kò mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ náà títí, kò jinná, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Dókítà ní tí ó bá tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi ní ọsibítù, ó ń dúpẹ́ pé mi ò fi ọkọ òun sílẹ̀ lórí omi. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ò gbà á padà.

Ní Ìbèṣè, kò sẹ́ni tó pè mí ní Agbọ́nmi mọ́. Mọ́rúfù ló ròyìn fún wọn bí ọ̀sà ṣe gbé mi tó sì dá mi padà. Èmi náà fi kún un. Mo fi ìgbì kún un, mo fi ìtì igi kan kún un tí mo dì mú. Wọ́n fi mí ṣe alága àwa tí a ń fi ọkọ̀ kó èrò. Mo sì ń ṣe é dáadáa, ẹ bèèrè wò.

Tí àwọn èèyàn bá ń káàánú Mọ́rúfù, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, á sì máa rẹ́rìn-ín. Á ní, “Ẹ má ṣàánú mi jàre. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi ra ẹ̀gbọ́n mi padà. Ọjà yẹn ò wọ́n.”

Ó ti tún ọkọ̀ náà ṣe báyìí. Ó kan ìjókòó kan sí i tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa ṣàdúrà fún un ní Sátidé, èmi ni màá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà èmi àti òun máa lọ sun orí òkìtì iyanrìn yẹn, kó lè dúpẹ́ níbẹ̀. Ó wá sílé mi lánàá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lọ́tẹ̀ yìí màá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa gbé e kojú atẹ́gùn. Tí nǹkan bá tún ṣe mí, ẹ ó lè tètè gbé mi délé.” Mo wojú rẹ̀ bóyá ó mọ nǹkan kan. Kò mọ nǹkan kan. Bó ṣe rò ó ló sọ ọ́.

Mi ò bẹ èèyàn rí láyé mi. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Tí mo bá sọ fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ẹsẹ̀ tó lọ lásán, nítorí ẹlẹ́rìn-ín kan tó jókòó sínú koríko. Tí mi ò bá sọ ọ́, màá dúró níwájú wọn ní Sátidé, wọ́n á máa ṣe àmín sí irọ́ mi, òun ni àmín tiẹ̀ máa dún jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ bẹ Ọlọ́run. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ń fi igi rìn ní Lásunwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù mí lọ, ẹ kàn sọ èyí kan fún mi: báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú nǹkan báyìí fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn?