Lẹ́tà Màmá Mi Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, torí orí mi ti fẹ́ dàrú. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì ìdáná mi níbí ní Austell, ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà ní títàn. Mi ò pa á, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo fi sẹ̀lótéèpù lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lẹ́yìn ilé wa, tábìlì náà máa ń gbọ̀n, wáyà náà sì lè yọ. Lẹ́tà tí màmá mi ní kí n bá àwọn tẹ̀ sí àbúrò mi ló wà nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni mò ń rí. Ìyókù wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò sì lọ, kò bọ̀. Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́la.

Èmi ni àkọ́bí màmá mi, Káyọ̀dé ni àbíkẹ́yìn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí òun àti màmá ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ìyàwó tó fẹ́. Màmá ní obìnrin náà ti bímọ fún ẹlòmíràn rí, wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan ibi ìgbéyàwó náà, wọn ò sì lọ lóòótọ́. Káyọ̀ kó lọ sí Texas, ó ní kí n má fi màmá sórí fóònù fún òun mọ́ láé. Èmi ni mo wá mú màmá sọ́dọ̀. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ rí dókítà, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n bí orúnkún wọn bá ń dùn wọ́n, èmi ni mò ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́ títí ọ̀gá mi fi ń wò mí tìkà tẹ̀gbin. Èmi náà ni wọ́n pè ní bí oṣù kan sẹ́yìn pé kí n wá bá àwọn kọ̀wé sí Káyọ̀. “Má gba ohùn mi sínú fóònù o,” ni wọ́n wí. “Tó bá ti gbọ́ ohùn mi báyìí, á pa fóònù. Ìwé ni kó o kọ. Ó máa ka ìwé.”

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ètò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí mo fi máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà. Mò ń tẹ̀, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní àwọn làwọn ṣẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fáwọn. Wọ́n ní léèsì tí àwọn rà sílẹ̀ fún ìgbéyàwó náà ṣì wà nínú àpótí àwọn, àwọn ò wọ̀ ọ́ rí. Èmi gan-an ò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ nípa tèmi? “Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ó tán. Kí n má purọ́ fún yín, inú bí mi gan-an. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n! Mi ò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá ó ti lọ, mo sì ń sọ pé mo ṣì ń tún un ṣe kó lè dùn ún kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Káyọ̀ tiẹ̀ pè mí láàárín ìgbà náà. Nígbà tá a kíra tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Sister mi, ṣé màmá máa ń dárúkọ mi?” Mo ní, “Rárá o. Wọn ò sọ nǹkan kan.” Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá màmá nílẹ̀ bàlùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ní ọsibítù, màmá tẹjú mọ́ mi, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ òsì tẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tẹ, tẹ, tẹ, bí ẹni ń tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti dé ọwọ́ rẹ̀.” Irọ́ kejì nìyẹn. Mo pe Káyọ̀, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Mo wá sáré kí n tẹ lẹ́tà náà jáde lórí ìwé gidi. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Duluth, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ló wà ní ìkáwọ́ mi. Òfin wa ni pé ọ̀rọ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ wà níbi méjì. A kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A máa ń gé e kúrò níbi tó wà ni, ká lọ lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Ó ti mọ́ mi lára láti ọdún mẹ́fà, bí ọwọ́ mi ṣe gé lẹ́tà màmá mi nìyẹn, tí mo lọ lẹ̀ ẹ́ sínú ètò ìtẹ̀wé. Ìlà mẹ́rin yọjú, òrùka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìyókù ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ó hang! Mo pe ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa, ó ní kí n pa gbogbo ètò yòókù kó lè mí. Mo sáré pa ètò àkọ́kọ́ tí mo ti gé lẹ́tà náà kúrò. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kó fi ojú ìwé náà pamọ́ bó ṣe wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Yéè! Òfìfo ni mo fi pamọ́! Mo gbìyànjú láti lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ọkùnrin náà ní kí n kúkú pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn, pé bóyá ó ti tọ́jú lẹ́tà náà fún mi, bóyá kò sì tọ́jú rẹ̀. Ṣé bóyá ni màá fi ṣeré?

Ọkọ mi ní, “Ṣebí ìwọ lo tẹ̀ ẹ́? Jókòó, kọ èyí tó o bá rántí. Ta ló máa mọ̀?” Mo jókòó lóòótọ́. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mo rí i pé mo ti jẹ́ kí màmá yin èmi lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ léèsì inú àpótí ò sì sí níbẹ̀ rárá. Ojú tì mí. Mo fà á ya.

Àbí kí n fẹnu sọ ọ́ fún un? Èmi tí mo ti sọ pé wọn ò sọ nǹkan kan? Ní báyìí tí màmá ò lè dáhùn mọ́ ni màá wá gbé ọ̀rọ̀ dídùn wá, ṣé Káyọ̀ á gbà mí gbọ́? Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà rèé: “Káyọ̀dé, ọmọ mi, ìyá rẹ ni. Má tíì sọ ọ́ nù. Jókòó kó o kà á tán. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé” — ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kí n pa á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí Káyọ̀ wá bá a bẹ́ẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ má sì bá mi bú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi há lẹ́tà yẹn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi fi há a mọ́ ọwọ́, nígbà tí màmá mi ṣì ní ohùn tí wọn ì bá fi dá ọmọ wọn lóhùn. Mo ti ọ̀dọ̀ wọn dé lónìí. Ìka wọn ṣì ń tẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.