Òfin Keje ní Láfẹ́nwá

Okùn ni mo ń dúró dè. Ilé ẹjọ́ gíga dá mi lẹ́bi, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo pa Délé, ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á.

Èmi àti Délé jọ wà nínú ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ wa ní Ṣàpọ́n. Òun ní ń wàásù, èmi ní ń lu agogo. Agogo irin ńlá ni, tó ní ọwọ́ igi. Òfin ẹgbẹ́ ni pé méjì-méjì là ń jáde. Ẹnikẹ́ni kì í dá lọ wàásù nílé onílé. Lọ́jọ́ kan, a yà sí agboolé àwọn aláró kan ní Ìtòkú. Ràbí, opó kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, fún wa lómi mu. Ó ní òun ò ní yí ẹ̀sìn padà, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sí wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Délé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ ni. Mo dá padà sọ́dọ̀ Ràbí, mo ní mo wá parí ìwàásù. Oṣù mẹ́rin ni ìwàásù náà fi wà, kò parí. Nígbà tó bi mí bóyá mo níyàwó, mo ní n kò ní. Ìyàwó mi wà nílé, ó ń tọ́mọ.

Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, lọ́dún tí ológun gba ìjọba padà lọ́wọ́ àwọn alágbádá, ẹgbẹ́ wa pinnu láti wàásù ní Láfẹ́nwá fún ọjọ́ mẹ́wàá, òfin kan lóòjọ́, kí èèyàn lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ ìbí Olùgbàlà tó dé. Mo lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì pa mẹ́ta jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n wàásù pé kí a má pànìyàn, ọ̀dọ̀ Ràbí ni mo wà.

Bí mo ṣe dé Láfẹ́nwá lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Délé wo apá aṣọ mi.

"Bùrọ̀dá, aró ti ta sí yín láṣọ."

Mo ní aláṣọ kan ló fara gbún mi lọ́jà. Ó rẹ́rìn-ín. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀. Èrò pọ̀ láti ibùdókọ̀. Ìyàwó mi dúró níwájú, ó pọn ọmọ. Délé ṣí ìwé tó kọ ìwàásù rẹ̀ sí.

"Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí," ó ní, "ìyàwó rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé, òun wà lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Lónìí, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó mi yíjú wò mí. N kò rántí pé òfin keje, pé kí a má ṣe panṣágà, ló kàn. Mo ṣáà rò pé èmi ló ń tú fó. Mo gbé agogo, mo gbá a lẹ́bàá etí.

Ó ṣubú lu tábìlì. Ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ni mo ṣe?"

Mo tún gbá a. Mo ń gbá a lọ bẹ́ẹ̀, agogo sì ń dún ní gbogbo ìgbà tó bá bà á lórí, títí egungun orí rẹ̀ fi wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Ó ta sí ọmọ mi lójú. Èrò fi igi àti òkúta lù mí, eyín mi mẹ́ta jáde kí ọlọ́pàá tó gbà mí lọ́wọ́ wọn.

Ní kóòtù, wọ́n ka ìwé Délé sókè láti ibi tí mo ti dá a dúró: "Èmi Délé ni ọkùnrin náà. Ìyàwó mi ti dárí jì mí, Jésù náà sì ti gbà mí." Ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Ràbí fún Délé rí. Ẹnu ara mi ni ìyàwó mi ti gbọ́ ọ, níwájú adájọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ti ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́, ìtìjú kì í pa èèyàn. Ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu nítorí ohun tí ọwọ́ yín ṣe. Àlùfáà tó ń wá wò mí ní Ọlọ́run lè dárí ji èmi náà. Délé fẹ́ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, gbólóhùn méjì péré ló kù.