Abọ́ Ẹlẹ́rìí

"Ẹlẹ́rìí dà?"

Ọ̀gá wa ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Ó na ìka sí àyè òfìfo kan lórí pẹpẹ. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń fi aṣọ nu òṣùwọ̀n tí kò dọ̀tí. Èmi ń wo bàtà mi bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn sára ẹ̀. Ọ̀gá wò wá lọ wò wá bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn pẹpẹ náà gbàgà, ó sì jáde.

Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ni mo mọ bí ẹlẹ́rìí ṣe kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja: mi ò rí i gbé mì, mi ò sì rí i bì jáde tán títí di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹun nínú abọ́ funfun tí etí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi mọ abọ́ yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ìyá mi ló sọ mí ní Tú-u-wò. Mo tú aago ara ògiri kí n tó mọ̀ ọ́n wò. Mo tú rédíò. Mo tú àgádágodo ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi ń wẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ilé ló sì gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ. Ní yunifásítì, bí wọ́n bá fún wa ní ìṣirò tó ta kókó, oúnjẹ kì í wù mí jẹ títí n ó fi yanjú ẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní ọgbọ́n, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ike oúnjẹ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òfin tuntun sọ pé ike kankan ò gbọdọ̀ kan oúnjẹ àfi tí a bá ti fi irú oúnjẹ tí yóò gbà àti irú ooru tí yóò rí dán an wò. Nítorí ike máa ń tú, bí ewé tíì ṣe ń tú sínú omi. Bí abọ́ bá wà fún ohun gbígbóná, a ó da òróró gbígbóná sínú ẹ̀, a ó gbé e sínú àpótí oníná, a ó sì wá wọn ohun tó tú láti ara ike sínú òróró. Bó bá kọjá ààlà, abọ́ ti ṣubú nìyẹn, kò gbọdọ̀ dé ọjà.

Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń kó abọ́ wá bá wa. Márùn-ún la máa ń fìyà jẹ. A kì í dán ẹ̀kẹfà wò rárá. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ni yóò fi irin gbígbóná lu èdìdì ìjọba sí etí ẹ̀, tí yóò gbé e sórí pẹpẹ, pé bí ìjà bá dé lẹ́yìn ọ̀la, òun ni yóò fi irú abọ́ tí wọ́n mú wá gan-an hàn. Ẹlẹ́rìí là ń pè é. Ọ̀gá a máa sọ pé, "Èèyàn lè jẹ́rìí èké. Ike ò mọ irọ́ pa."

Lọ́jọ́ tí abọ́ tí mò ń wí yìí dé, mo yí ìdí ẹ̀ sókè. Ìlà mẹ́ta tó lọ́ bí èéfín wà níbẹ̀: àmì pé ohun gbígbóná ni wọ́n ṣe é fún. Mo da òróró sí ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé e jáde, ìdí ẹ̀ ti wú bí ètè ẹni tí agbọ́n ta, òróró inú ẹ̀ sì ń rùn bí ọ̀dà ara ògiri. Mo dán èkejì wò, bákan náà ni. Gbogbo márààrún ló ṣubú. Ohun tó kù ò ju kí n sọ fún Ọ̀gá.

Kí n tó sọ, ọ̀rẹ́ mi kan wọlé. Ẹnudùn la máa ń pè é ní yunifásítì, iléeṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ náà ló gbà á síṣẹ́.

"Tú-u-wò, bàbá àlọ́! Abọ́ wa ńkọ́?"

"Abọ́ yín ti kú. Kí lẹ fi ṣe é, garawa ọ̀dà?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kíá ló pa ẹnu dé. "Díẹ̀ ni. A lọ ògbólógbòó garawa mọ́ ọn. Ta ló máa mọ̀?"

"Òróró mọ̀."

Ẹ má rò pé ó fún mi ní rìbá o. Ká ní ó fún mi ni, ǹ bá lé e dé ẹnu ọ̀nà, ǹ bá sì máa fi yangàn. Ohun tó fún mi burú ju owó lọ. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó ní, "Òfin ti borí ẹ nìyẹn. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé kò sí àlọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ò lè tú. Ó dáa, n ó sọ fún wọn pé ọpọlọ ẹ̀ ti ń dógùn-ún."

Ọpọlọ tèmi! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi pàkúté mú eku tó gbọ́n lójú ara ẹ̀.

Mo ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé òfin síwájú mi, mo sì rí i. Òfin ò ní ká béèrè ohun tí aráàlú máa fi abọ́ ṣe. Ẹni tó ṣe é ló máa sọ ohun tó wà fún. Bó bá ní ohun tútù tó gbẹ ni, ohun tútù tó gbẹ la ó fi dán an wò. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mi ò ronú kan ẹnì kankan tó máa jẹun. Àlọ́ ni mo rí. Mo pe Ẹnudùn.

"Ẹ fá àmì èéfín kúrò lójú ẹ̀rọ yín. Ẹ pè é ní abọ́ bisikíìtì."

"Abọ́ tó jìn tó báyìí? Ta ló ń fi ṣíbí jẹ bisikíìtì?"

"Òfin ò béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Wọ́n kó márùn-ún mìíràn wá rọ́pò àwọn tó ṣubú, ìdí wọn mọ́ kedere, kò sí àmì. Mo fi bisikíìtì dán wọn wò, wọ́n yege. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lórí ọ̀rọ̀ mi nítorí pé ó gbọ́kàn lé mi. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ṣì wà lórí pẹpẹ, tòun ti ìlà mẹ́ta ìdí ẹ̀ àti èdìdì etí ẹ̀. Mi ò lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, torí irin èdìdì kì í kúrò nínú àpò Ọ̀gá. Mo bá fi súwẹ́tà mi wé e, mo tì í sínú báàgì, mo gbé e lọ sílé.

Mo fẹ́ fọ́ ọ. Mi ò fọ́ ọ. Ṣé kí n sọ ìdí ẹ̀? Òun nìkan ló kù tó fi hàn pé mo gbọ́n. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé ìdáná, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé, mo sì gbàgbé ẹ̀.

Abọ́ kún ìgboro. Alásè tó ń bọ́ wa níbi iṣẹ́ ra tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú ọ̀kan, ó dúró, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yẹ ike wò, ẹ bá mi wo èyí. Ó ń rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé ó dáa fún nǹkan gbígbóná?"

Ẹ dákun, ibí yìí ni kẹ́ ẹ dá mi lẹ́bi sí. Gbogbo èyí tí mo ti ń ṣe bọ̀, ike ni mò ń bá ṣeré. Ojú èèyàn ni mo wò lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ó dáa, mà. Ìjọba ti fọwọ́ sí i."

"Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín," ló wí, ó sì bu ọbẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ṣàròyé, yóò ní, "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jẹun yín jàre. Ọmọ mi tó kàwé ló ní ó dáa." Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí.

Nígbà tó yá, ìdí abọ́ kan já lọ́wọ́ ẹ̀, ọbẹ̀ sì jó o lẹ́sẹ̀. Ó gbé abọ́ náà lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá wá sídìí pẹpẹ láti fi í wé tibẹ̀. Ìyẹn lọjọ́ tó béèrè pé, "Ẹlẹ́rìí dà?"

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé ìjẹ́wọ́ ló le jù. Rárá o! Kí wọ́n gbà á ló le! Ìgbìmọ̀ olùwádìí pè wá. Ẹnudùn wá, ó wọ táì. Ó ní abọ́ bisikíìtì làwọn ń ṣe láti ilẹ̀ wá, àwọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bu ọbẹ̀ sí i, àti pé orí ọ̀rẹ́ òun ò balẹ̀ mọ́. Mo ní wọ́n lọ garawa ọ̀dà mọ́ ọn. Wọ́n ní ta ló rí i? Mo ní ẹ fi òróró dán an wò. Wọ́n ní òfin ò gbà ká fi òróró dán abọ́ bisikíìtì wò. Òfin tí mo tú fúnra mi! Alága wá yí sí mi, ó ní, "Olè tó bá ní òun jalè, kó gbé ẹrù náà wá. Bí ẹlẹ́rìí kò bá yọjú nígbà tá a bá tún jókòó, abọ́ yóò máa tà lọ."

Mo sáré délé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ṣófo. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn fìríìjì, mo tú ilé bí adìyẹ ṣe ń tú ààtàn. Gbogbo ibi tí èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí ni mo wò. Ojú sì ń tì mí láti bi ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ó máa ń fi mí yangàn fáwọn ará àdúgbò. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tún máa jókòó, mi ò sì rí i. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín, pé kẹ́ ẹ gba ẹnu mi gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Alásè wa, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orí yín pé, kì í ṣe gbogbo kókó là ń tú. Òmíràn, ẹnu àpò tí ejò wà nínú ẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi pariwo pè mí láti ìdí tábìlì pé, "Tú-u-wò! Ṣé ìwé lo máa jẹ láàárọ̀ yìí ni?" Mo jáde. Ó gbé ọmọ ẹ̀ lé itan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ ọmọ tó ń yọ èéfín. Ife tíì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ náà, níbi tí mo máa ń gbé e sí láràárọ̀. Abọ́ funfun. Etí àwọ̀ ewé. Èdìdì.

"Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀?" ló wí. "Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti rí i, ó ti pẹ́. Mo yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ. Nínú gbogbo ike ilé yìí, ṣebí òun nìkan ni ìjọba lu èdìdì sí lára?"

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti rọ̀. Mo da oúnjẹ náà nù, ọmọ figbe ta, mo sì yí ìdí abọ́ sókè. Ìlà mẹ́ta tó lọ́ bí èéfín.