Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Mo Fi Ẹnu Wó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìkòsì. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì tipẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Alájì tó múlé gbè mí fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá púpọ̀ ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fún àwọn tó ń tajà ní Mile 12. Ó ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kó tó sọ fún ìpàdé àwa onílé. Èmi ni mo dìde. Mo ní bí ilé bá ga ládùúgbò wa, omi òjò kò ní rọ́nà lọ, yóò ya wọlé wa. Alága ní, "Bí Tíṣà bá ti sọ̀rọ̀, ó parí." Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ jọ̀ọ́, omi kọ́. Ọ̀nà omi kò tilẹ̀ gba ibẹ̀. Àwọn ayálégbé mi ni mò ń rò. Bí yàrá tuntun bá pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ta ni yóò dúró sí tèmi tí òrùlé rẹ̀ ń jò? Ẹ má pè é ní ìbẹ̀rù o. Ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀: ojúkòkòrò ni.

Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n. Owó ilé gbéra, èmi náà fi kún tèmi. Ìyá Súkúrà, ayálégbé mi tó ń ta tòmátì, kó lọ sí ẹ̀yìn Ìkòròdú. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mummy, ọkọ̀ ni yóò máa jẹ èrè mi báyìí." Nígbà tí irú wọn lọ tán, oníbúrẹ́dì ìkángun àdúgbò náà palẹ̀ mọ́. Kò rẹ́ni tà fún.

Lánàá, Alájì gbé ìwé àdéhùn wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà ń fi òfin wa yẹn já owó rẹ̀ wálẹ̀. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ gbà wá lọ́wọ́ omi."

N kò lè wò ó lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún òun nìkan ni, àbí kí n dìde níbi ìpàdé tí mo ti purọ́? Mo rò pé mo mọ ìdáhùn. N kò kàn tíì ṣe é ni. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Alájì ń dúró kí n sọ fún un pé ó dára.