Ẹsẹ̀ Mi Ló Tẹ Agogo Náà

Ẹ sọ àpótí yẹn kalẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí àpérò ọdún yìí á dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ bọ́ọ̀sì yẹn, inú yàrá iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ni màá ti tú u síta, níwájú gbogbo yín. Ẹ má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó kú. Ó kàn ń ṣe mí bíi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni, bẹ́ẹ̀ èmi ni ẹlẹ́wọ̀n, èmi náà ni wọ́dà.

Gbogbo yín lẹ mọ ife ẹ̀yẹ tí a gbà lọ́dún tó kọjá níbi àpérò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìwòsàn ti gbogbo agbègbè. Ìyá Wáyà, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín tó jókòó níwájú yìí, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé wáyà kì í tán lápò rẹ̀, òun ló ṣe ẹní pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sábẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bí ọmọ náà bá gbàgbé láti mí, agogo á dún, nọ́ọ̀sì á sáré wá. Wọ́n sọ fún yín pé ẹní yẹn ló gba ife. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ló gbà á.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ, èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún bọ́ọ̀sì, èmi ni mo ń wá ibi tí wọ́n á sùn. Lọ́dún náà, ọ̀gá àgbà pè mí, ó ní, “Bàbá Irinṣẹ́, bí àwọn ọmọ yìí bá tún padà lọ́wọ́ òfo, akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò ní lọ mọ́.” Nígbà tí a débẹ̀, tí àwọn ọmọ lọ jẹun, mo dán ẹní náà wò lórí ọmọláńgidi tí a fi ń ṣàpẹẹrẹ, èyí tó ń mí bí a bá ń tẹ rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Mo dá èémí ọmọláńgidi dúró, agogo ò fọhùn. Mo tún dán an wò, kò tún fọhùn. Ẹni tó gbọ́n ì bá pe àwọn ọmọ. Èmi ọ̀gbọ́njù so bọ́tìnnì kan mọ́ agogo lábẹ́ aṣọ tábìlì, mo sì fi í sábẹ́ bàtà mi.

Áà, ẹ ì bá wà níbẹ̀! Ìyá Wáyà ń tẹ rọ́bà, àyà ọmọláńgidi ń lọ sókè sódò. Ó dá ọwọ́ dúró. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀: kírííín! Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Ìyá Wáyà sì dì mọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá ni. Orí mi yá gan-an, mo gbàgbé pé èmi ni mo wà nínú ẹ̀kú.

Ìgbà yẹn ni mátírọ́ọ̀nù kan, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan, wá, omi lójú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń gbàgbé láti mí. Ẹ yá mi ní ẹní yìí.” Àwọn ọmọ ń wo ojú mi. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ bọ́tìnnì kúrò, òun náà ni mo fi di ẹní tí kò ṣiṣẹ́ fún un. Mo tiẹ̀ ní kó rọra gbé e.

Kò pẹ́ tó fi dá a padà. Ó ní ọmọ náà dákẹ́, agogo náà sì dákẹ́. Ọlọ́run ló ní kí ìyá ọmọ gbé ọwọ́ lé e láyà, igbe rẹ̀ ni wọ́n fi sáré jí ọmọ náà padà. Ibi tó burú jù nìyí: mo wo ojú obìnrin yẹn, mo ní, “Bóyá ẹ ò tẹ́ ẹ dáadáa ni, mà.” Ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ má bínú, sà.” Òun ló bẹ̀ mí! Ẹ wo ìwà ìkà.

Ìyá Wáyà ò gbà pé mátírọ́ọ̀nù ló jẹ̀bi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá ń bi ara rẹ̀: kí ló jẹ́ kó dún ní àpérò? Ó wá irú aṣọ tábìlì yẹn, ó pààrọ̀ bátìrì, kò sí ohun tí kò dán wò. Abẹ́ bàtà mi sì ni ohun tó ń wá wà lọ́jọ́ náà! Mo máa ń gbé tíì fún un, màá ní, “Wàá rí i, ọmọ mi.” Alágàbàgebè. Láàárọ̀ yìí, ó to gbogbo nǹkan bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, ó ní, “Bàbá, ibi tí ẹ dúró sí nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró síbẹ̀.”

Mo dúró. Ó dá ọwọ́ dúró lórí rọ́bà. Ẹsẹ̀ mi ṣàdédé tẹ ilẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́! Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo agogo, ó tún wo ẹsẹ̀ mi. Àgbà bíi tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí mo lè bí, mo sì jẹ́wọ́.

Kò bú mi. Ó kàn ní, “Àṣé kò tiẹ̀ dún rí?” Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Kí n tó dìde, ó ti tú ẹní náà. Ó ní tábìlì tàbí bẹ́ẹ̀dì tó bá ń mì ni ẹní náà ń pè ní èémí ọmọ. Ó ki fóòmù sábẹ́ ẹní, ó dá ọwọ́ dúró lórí rọ́bà. Kírííín! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ó dún fúnra rẹ̀! Ó tún un ṣe, ó tún dún! Mo fò sókè bí ọmọdé, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti tẹ mátírọ́ọ̀nù láago. Ó ní òun ń bọ̀ ní àpérò, òun fẹ́ rí ojú mi. Ọ̀gá àgbà náà ti gbọ́, èmi ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ife yẹn wà nínú àpótí, a ń dá a padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rọ yín bá kọ̀ níwájú èèyàn, ẹ jẹ́ kó kọ̀. Ẹ ní, “Kò ṣiṣẹ́ o, ẹ bá wa wò ó.” Ìdí tí wọ́n fi ń pe àpérò nìyẹn. Ẹ dárí jì mí.

Ìyá Wáyà ní òun ò tíì dárí jì mí. Ó ní mo lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n iwájú tábìlì ni màá dúró sí, níbi tí gbogbo ayé á ti rí ẹsẹ̀ mi. Bàtà mi rèé lórí tábìlì, ẹsẹ̀ lásán ni mò ń lọ. Ẹ gbé àpótí, ká máa lọ.