Géètì Tí Mo Tì Mọ́ Bàbá Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jókòó. Òótọ́ kan ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi egungun sọ́fun sùn. Ẹ ní kí n sọ ìtàn ibùdókọ̀ ojú irin àdúgbò wa, torí pé wọ́n ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ lónìí. Kò ṣeé sọ láìfi ìwà ìkà tèmi sí i.

Èmi ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, èmi náà ni mo ń lu agogo. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìgboro láàárọ̀, méjì ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Tí mo bá ti lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, mo ti géètì nìyẹn. Ẹni tó bá kù síta, ó di ọkọ̀ mìíràn.

Télọ̀ kan wà, ó ga, ó yọ èjí. Tí mo bá ti rí i níyànà, màá sún ọwọ́ aago ara ògiri síwájú ní ìṣẹ́jú márùn-ún, màá lu agogo, màá ti géètì. Awakọ̀ á gbéra, torí agogo mi ni àṣẹ tirẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ tún ti pẹ́ o! Ẹ wo aago." Á wò ó, á mi orí, á wá jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú fèrèsé mi. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, èmi aláìnítìjú! Tó bá yíjú, màá dá ọwọ́ aago padà.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí onítíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá mi ní tí mo bá tún pẹ́ lọ́la, kí n má wá mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tètè dé, wọ́n á gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn, ibẹ̀ ni màá kúkú máa gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. Ibi tó ti ní òun á máa gbé ibẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń sáré bọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ kan géètì. Mo tì í. Wọ́n lé e níṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ló wúwo." Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, nígbà tó ṣe, ó gbé mi níyàwó.

Bàbá yín ni. Ẹ panu dé, eṣinṣin á wọlé! Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní Bàbá Pẹ́kótódé torí ó máa ń ní pípẹ́ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ẹ wò ó: aago mẹ́rin ni ayẹyẹ, ó ti wọ bàtà láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sáré géètì mi.

Bàbá àwọn ọmọ, mo kúnlẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, ẹ tètè dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọge, tí ẹ bá fẹ́ ọkùnrin, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un. Ẹ má ti nǹkan kan mọ́ ọn lójú.

Bàbá wọn gbọ́ mi tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí.

"Ìyá Onígéètì," ó ní, "dìde, lọ bu omi tútù wá fún mi. Má kánjú o. Ó ṣì ku wákàtí mẹ́ta."