Mo Fi Orúkọ Ọmọ Tó Ti Kú Dá Ìyá Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ọkọ mi ò mọ̀. Ìyá tó bí mi ò mọ̀. Mò ń fi fóònù kọ ọ́ sí yín báyìí nítorí pé ìyá tí mo ṣẹ̀ ń retí èsì kan, wọn ò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni èsì náà wà.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Kí n tó lọ́kọ, mo ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Aluu níbi tí a ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ ìwé, ibẹ̀ ni mo ti mọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ́ kógbá wọlé, ó fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn tó ti gbó. Mo gbé e wá sílé ọkọ ní Rumuokoro.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, mo fẹ́ràn géèmù. Abiyamọ ni mí, mò ń fọ ìlédìí, mò ń se ẹ̀wà, mò ń nu èéfín dúdú àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì, èyí tó ń bà lé gbogbo nǹkan wa níbí. Ṣùgbọ́n tí iná bá dé, tí Fìyìn ọmọ mi sì ti sùn, ìdí kọ̀ǹpútà ni ẹ ó ti bá mi. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi nígbà kan pé eré ọmọdé ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn. Nínú ilé, ohun tí mo bá tún ṣe láàárọ̀ á ti bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ilẹ̀ tí mo gbá á tún dọ̀tí. Nínú géèmù, ibi tí mo bá kọ́ ilé sí lónìí, ibẹ̀ náà ni màá ti bá a lọ́la. Ó máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀kan tí a fi ń kọ́ ìlú. Èèyàn á la títì, á kọ́ ilé, á gbin igi. Èèyàn tún lè ri pátákó mọ́lẹ̀ níbi tó bá wù ú, kó sì kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀.

Màmá Dára ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ará Iléṣà ni wọ́n, sójà ni ọkọ wọn. Àwọn ló dàgbà jù nínú àwa Yorùbá tó wà ní kọ́ńpáùn wa, "ìyàwó mi" ni wọ́n sì máa ń pè mí. Dára ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ náà ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó ń dá egungun lóró. Ọjọ́ tí kò bá lè lọ sílé ìwé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń fi í sí kí wọ́n tó lọ ṣí ìsọ̀ wọn.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní géèmù náà. Rumuokoro ni wọ́n bí i sí, Pidgin ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Aunty, abeg shift. You no sabi build."

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ, ìwọ ọmọ yìí?"

"Na you teach me. But I don pass you."

Òótọ́ ló sọ. Ìlú tí ọmọ yẹn kọ́ dára ju gbogbo tèmi lọ. Ó la odò sí àárín rẹ̀. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún màmá rẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ ọsàn. Ó kọ́ ọsibítù, ó wá ri pátákó síwájú rẹ̀, ó kọ ọ́ pé NO INJECTION HERE O. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó kú lásìkò òjò. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa tí ọmọ bá kú lójú ìyá. Wọn ò jẹ́ kí Màmá Dára mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ìyá àgbà láti ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá wá, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, báàgì ilé ìwé rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀, títí kan fọ́tò ara ògiri. Wọ́n ní kí ojú ìyá má baà máa rí i. A ò fi orúkọ ọmọ pè wọ́n mọ́ lójú wọn. Àwọn ará ilé ń pè wọ́n ní Mama Soja. Èmi ń pè wọ́n ní Màmá lásán.

Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan tó rántí kọ̀ǹpútà mi.

Lọ́jọ́ kan, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé nǹkan tí ọmọ yẹn ń kọ́ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà, Mà.

"Ṣí i kí n wò ó."

Mo ṣí i. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n fi ilé wọn han àwọn, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé ìka lé e lórí gílásì, wọn ò gbé e kúrò títí iná fi lọ.

Láti ọjọ́ náà, tí iná bá ti dé, Màmá á ti dé. Àánú wọn ń ṣe mí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín: ó sú mi. Ìwọ̀nba iná tí wọ́n ń fún wa, Màmá ló ń gbà á tán. Tí mo bá na ọwọ́ sí máòsì, wọ́n á ní, "Má fọwọ́ kàn án o." Yàrá mi di ilé ọ̀fọ̀. Fìyìn tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ panu mọ́ tí Màmá bá wọlé.

Agùnbánirọ̀ kan ní àdúgbò wa wá fún mi ní géèmù tuntun. Kò sí àyè fún un nínú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti ìlú kúrò. Ẹ̀rọ náà bi mí pé ṣé kí òun pa àwọn ìlú tí a ti kọ́ náà rẹ́.

Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sí yín pé mo ṣèèṣì ni. Mo ti pa ìyẹn rẹ́. Mi ò ṣèèṣì. Mo ka ìbéèrè náà, ó yé mi, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni mo bá wọn parí. Ṣebí wọ́n kó sálúbàtà, wọ́n kó fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà kò ṣe tiwọn torí kí wọ́n lè ráyè ta géèmù.

Màmá kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. "Ìyàwó mi, iná ti dé."

Mo parọ́. Mo ní kọ̀ǹpútà ti kọṣẹ́. Wọ́n rọra jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní, "Ó ti wá lọ náà nìyẹn."

Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn látìgbà tí ọmọ ti kú. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Rárá, Mà. Màá tún un ṣe."

Mo yọ géèmù tuntun náà kúrò, mo sì dá ti ìlú padà sínú kọ̀ǹpútà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí rántí ìlú Dára. Tí Màmá bá ti lọ sí ìsọ̀, màá so Fìyìn mọ́ ẹ̀yìn, màá máa kọ́lé. Mo rántí ibi tí odò gbà. Mo rántí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo rántí ọsibítù àti pátákó rẹ̀. Igi ni mi ò lè rántí dáadáa. Mo gbìn wọ́n bí mo ṣe rò pé wọ́n wà.

Mo pe Màmá. Wọ́n jókòó, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Igi yìí ò sí níbí tẹ́lẹ̀."

Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó ti gbin igi síwájú ilé mi."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tuntun ni wọ́n máa ń wá nínú ìlú náà. Ọjọ́ tí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á jáde bí ẹni tí wọ́n nà. Mo wá ń fi nǹkan kún un. Òdòdó lónìí, àga lọ́jọ́ mìíràn. Inú wọn ń dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bá àwọn ri pátákó kan síwájú ilé wọn. Mo ní kí ni kí n kọ sí i, Mà. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé, Dára, ṣé o ti jẹun?"

Mo kọ ọ́.

Wọ́n ń wá wo èsì. Mo ní, "Màmá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mà." Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà má pa á. Màá dúró." Wọn ò fẹ́ jẹun kí ọmọ tó sọ pé òun ti jẹ. Wọ́n ń rù. Wọ́n ṣubú ní ìsọ̀, àwọn aládùúgbò ló gbé wọn wálé.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wálé ni mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ri pátákó mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ bí Dára ì bá ṣe kọ ọ́: MUMMY I DON CHOP.

Màmá rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ sí kíṣìnnì, wọ́n ro ẹ̀bà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mo jókòó sí yàrá mi, mo sunkún títí Fìyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sun ún.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe burú. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù níbẹ̀.

Wọ́n ti gbé ọkọ Màmá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní òkè Ọya. Bàbá wá láti mú wọn lọ. Màmá ní àwọn ò lọ. Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní, "Ìyá Fìyìn, bá mi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ nìkan sílẹ̀. Ọmọ wo? Ṣé orí wọn ti dàrú ni?"

Mi ò lè wo ojú wọn. Mo ní, "Ẹ mú sùúrù, Sà."

Wọ́n ní àwọn ti mú sùúrù tó. Àwọn ẹbí ní Iléṣà ń sọ pé kí Bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn tó máa bímọ. Bàbá ní àwọn ò fẹ́, ìyàwó àwọn ni àwọn fẹ́. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọkọ̀ máa gbéra. Tí Màmá ò bá wọ̀ ọ́, Bàbá ní àwọn ò ní padà wá bẹ̀ wọ́n mọ́.

Lánàá, Màmá ní kí n bá àwọn ri pátákó mìíràn. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyí: "Dára, ṣé kí n tẹ̀lé dádì ẹ, àbí kí n dúró tì ẹ́?"

Ó wà nínú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Tí mo bá kọ ọ́ pé kí wọ́n máa lọ, wọ́n á lọ. Ilé wọn ò ní tú. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n á gbé wọ ọkọ̀. Tí wọ́n bá débẹ̀, tí wọ́n tún béèrè pé ṣé ọmọ ti jẹun, ta ni yóò dá wọn lóhùn? Tí mo bá sì sọ òtítọ́, á jẹ́ pé èmi ni mo tún pa Dára lójú wọn. Mo ti pa á lẹ́ẹ̀kan nínú kọ̀ǹpútà nítorí géèmù. Bóyá wọ́n á ṣubú tí wọn ò sì ní dìde mọ́. Bóyá wọ́n á kàn kórìíra mi. Ẹ dárí jì mí, ìyẹn náà ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Ká ní ẹ̀yin ni Màmá, èwo lẹ ó fẹ́ kí n ṣe nínú méjèèjì? Ẹ má wò ó pé ojú á tì mí. Ó ti yẹ kí ojú tì mí.

Màmá ṣì wà ní ìsọ̀. Iná ò tíì dé. Tó bá dé, ìró ẹsẹ̀ wọn ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún mi, kí ni kí n kọ?